Ìbéèrè Gẹ́gẹ́ Bí Òṣùwọ̀n: Ìwé Ìbéèrè àti Kíka Àwọn Tí Ásímà Ń Bá Jà Ní Àwọn Orílẹ̀-Èdè Tí Ó Ń Gòkè Àgbà

  Àwọn oníṣègùn wà ní ìjókòó tí wọ́n mọ ohun tí ń bẹ nínú àyà ènìyàn jù mí lọ. Olùkọ́ èdè ni èmi, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí wà ní ààlà oko àwa méjèèjì. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá dá a ro, igbó yóò kù síbẹ̀.

Mo fẹ́ bi wá léèrè pé, nígbà tí a bá kà á nínú ìwé pé ọmọ báyìí nínú 100 ni ásímà ń bá jà ní Nàìjíríà, tàbí ní Gánà, tàbí ní Zimbabwe, kí ni àwọn tí ó kọ ìwé náà kà gan-an? Ṣé àìsàn ni wọ́n kà, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu? Èrò mi, tí n ó gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ni pé ìdáhùn sí ìbéèrè ni wọ́n kà. Pé ìdáhùn yìí lè sún mọ́ àìsàn, ó sì lè jìnnà sí i. Àti pé èdè tí a fi béèrè ní ọwọ́ nínú sísúnmọ́ tàbí jíjìnnà yìí ju bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Gbogbo wa ni a mọ kóńgò tí àwọn ìyá wa fi ń wọn gàrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì ní ọjà. Ní ọjà kan, ìdí kóńgò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní ọjà kejì, wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú kí ó lè tètè kún. Kóńgò kan ni orúkọ tí àwọn méjèèjì ń jẹ́. Ẹni tí ó jókòó sí ilé, tí ó ń ka iye kóńgò tí wọ́n tà ní ọjà méjèèjì, yóò rò pé òun mọ ọjà tí gàrí ti pọ̀ jù. Kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, n kò tí ì rí ọlọ́gbọ́n tí ó sọ pé nítorí èyí kí a má lo kóńgò mọ́. Ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe ni pé yóò dojú kóńgò dé, yóò wo ìdí rẹ̀. Ìwé ìbéèrè ni kóńgò tí a fi ń wọn ásímà káàkiri ayé. Iṣẹ́ mi lónìí ni láti dojú rẹ̀ dé kí a jọ wo ìdí rẹ̀.

1. Ohun tí ó mú kí ásímà ṣòro láti kà

Ọ̀nà tí èémí ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró pín bí ẹ̀ka igi, láti orí èyí tí ó nípọn dé orí èyí tí ó tín-ín-rín. Lára ẹni tí ásímà ń bá jà, inú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí a máa wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a máa dí wọn, iṣan tí ó yí wọn ká a sì máa fún wọn pọ̀. Èémí tí ó yẹ kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀ láìsí wàhálà a wá di ohun tí ènìyàn ń jà fún. Nígbà tí èémí bá ń gba ojú ọ̀nà tóóró bẹ́ẹ̀ jáde, ìró kan a máa bá a jáde bí ìgbà tí ènìyàn ń fọn fèrè kékeré.

Ìwà àìsàn yìí ni pé ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó lè dé lóru kí ó lọ ní òwúrọ̀. Eruku, èéfín, ọyẹ́, eré sísá tàbí ọ̀fìnkìn lè jí i dìde. Ọmọ tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán ní ọjọ́ Ajé lè máa gbá bọ́ọ̀lù ní Ọjọ́bọ̀. Bí dókítà bá fi ohun èlò gbọ́ àyà rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó lè má gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ fi èyí wé àwọn àìsàn mìíràn tí a mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó láti fi mọ ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. A lè wo ẹ̀jẹ̀ láti rí kòkòrò ibà, a sì lè wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní ti ásímà, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò sí àwòrán àyà kan tí ó lè dá sọ fún wa pé òun nìyí tàbí pé kì í ṣe òun. Ìtàn tí aláìsàn bá sọ ni ó ń ṣáájú, kódà ní ilé ìwòsàn ńlá. Nítorí náà, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ni ó mú kí àwọn olùwádìí máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Àìsàn náà ni ó fi ipá mú wọn.

Kíkà yìí kì í sì í ṣe eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2019, ásímà ń bá nǹkan bí mílíọ̀nù 262 ènìyàn jà, ó sì pa 455,000. Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ikú wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn rẹ̀ kì í ṣe àwámárìídìí. Salbutamol tí ènìyàn ń fà sí àyà a máa ṣí ọ̀nà èémí. Beclometasone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa mú kí wíwú inú ọ̀nà náà rọlẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó wà nínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí tí Àjọ náà ń tẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ìjọba tí kò mọ iye ènìyàn tí ó nílò oògùn kò lè ra èyí tí yóò tó.

2. Bí ìwé ìbéèrè ṣe tàn ká ayé

Ní 1991, àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, wọ́n sì dá iṣẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí ISAAC. Èrò wọn ni láti fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ásímà àti àwọn àìsàn tí ó bá a tan lára àwọn ọmọdé gbogbo ayé. Àwọn ọmọ ọdún 13 àti 14 ń dáhùn fúnra wọn ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn òbí ni ó ń dáhùn fún àwọn ọmọ ọdún 6 àti 7. Wọ́n ní kí ibùdó kọ̀ọ̀kan gbìyànjú láti rí nǹkan bí 3,000 ọmọ nínú ọ̀wọ́ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè wọn kò pọ̀, kò sì gùn. Wọ́n béèrè bóyá àyà ọmọ ti dún bí fèrè rí, àti bóyá ó dún bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù 12 tí ó kọjá. Wọ́n béèrè bóyá ó ń jí ọmọ lójú oorun, bóyá ó le dé ibi pé ọmọ kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ kí ó tó tún mí, bóyá ó ń dún bí ọmọ bá sáré, àti bóyá ọmọ ń wú ikọ́ gbígbẹ lóru láìjẹ́ pé ọ̀fìnkìn mú un. Ní ìparí, wọ́n béèrè bóyá ọmọ ti ní ásímà rí.

Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ọmọ ọdún 13 àti 14 tí iye wọn jẹ́ 463,801 ni ó dáhùn, láti ibùdó 155 ní orílẹ̀-èdè 56. Iye tí wọ́n rí ní ibùdó tí ó ga jù lọ fi ìlọ́po 20 ó kéré tán ju ti ibùdó tí ó rẹlẹ̀ jù lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Australia, New Zealand àti Ireland wà lókè; Indonesia, China, India, Greece àti Ethiopia wà lára àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Ìbàdàn náà kò gbẹ́yìn. Falade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè wọ̀nyí lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 1998 bákan náà: nǹkan bí ọmọ 1 nínú 10 ni ó sọ pé àyà òun dún láàárín oṣù 12. Nígbà tí ISAAC ṣe ìpele kẹta, tí wọ́n sì tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 2009, àwọn ọlọ́dún 13 àti 14 tí ó dáhùn ti di 798,685 ní orílẹ̀-èdè 97. Ohun tí wọ́n rí ni pé àmì ásímà pọ̀ jù ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ó ní àmì náà, ó jọ pé ó máa ń le jù lára àwọn ọmọ ilẹ̀ tálákà.

Iṣẹ́ ńlá ni èyí, ẹni tí ó bá fi ojú kékeré wò ó kò mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo èyí tí ó sún mọ́ ilé. Ní 2019, Ozoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí ó kárí Nàìjíríà, tí wọ́n fi bi ènìyàn tí ó ju 20,000 lọ. Àwọn tí ó sọ pé dókítà ti sọ ọ́ fún àwọn pé ásímà ni ó ń ṣe àwọn jẹ́ 2.5 nínú 100. Àwọn tí ìdáhùn wọn bá òdiwọ̀n ásímà tí àwọn olùwádìí là kalẹ̀ mu jẹ́ 6.4 nínú 100. Àwọn tí ó sọ pé àyà àwọn ń dún jẹ́ 9.0 nínú 100. Ilẹ̀ kan náà ni, àwọn ènìyàn kan náà ni. Ìbéèrè mẹ́ta, iye mẹ́ta. Bí a bá mú 6.4, àwọn olùwádìí náà ní yóò tó mílíọ̀nù 13 ènìyàn. Bí a bá mú 2.5, kò ní tó ìdajì rẹ̀. N kò bá àwọn olùwádìí wọ̀nyí wí. Olóòótọ́ ni wọ́n tí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ hàn wá. Mo kàn fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wo ẹni tí yóò ra oògùn fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Èwo ni yóò gbà gbọ́?

3. Ìdúróṣinṣin yàtọ̀ sí òótọ́

Ohun méjì ni ó yẹ kí á máa yà sọ́tọ̀. Èkínní ni pé, bí a bá bi ènìyàn ní ìbéèrè lónìí, tí a sì tún bi í ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ṣé bákan náà ni yóò dáhùn? Ìdúróṣinṣin ni n ó máa pe èyí. Èkejì ni pé, ìdáhùn náà, ṣé ó bá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà rẹ̀ mu? Òótọ́ ni n ó máa pe èyí. Òṣùwọ̀n lè dúró ṣinṣin kí ó má sì jẹ́ òótọ́. Kóńgò tí wọ́n lù nídìí, bákan náà ni yóò máa rẹ́ ni jẹ lójoojúmọ́.

Ìdúróṣinṣin fúnra rẹ̀ a sì máa tan ni. Ẹ jẹ́ kí á mú ọmọ 100. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 10 nínú wọn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, 90 sọ pé rárá. Nígbà tí a padà lọ, 10 tún sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, 90 sọ pé rárá. Bí ó bá ṣe pé ńṣe ni wọ́n ń dáhùn láìronú rárá, nǹkan bí ọmọ 81 ni yóò ṣe kòńgẹ́ rárá lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ 1 ni yóò sì ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mejì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 82. Bí olùwádìí bá wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdáhùn ọmọ 82 nínú 100 bára mu, a ó pàtẹ́wọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ ju kòńgẹ́ lọ. Nítorí èyí ni Jacob Cohen, ará Amẹ́ríkà, ṣe gbé òdiwọ̀n kan kalẹ̀ ní 1960 tí ó pè ní kappa. Kappa a máa yọ ti kòńgẹ́ kúrò kí ó tó sọ bí ìdáhùn ṣe bára mu sí. Bí gbogbo ìdáhùn bá bára mu, yóò jẹ́ 1. Àwọn ọmọ wa tí kò ronú yìí, òdo ni tiwọn yóò jẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń ka irú ìwádìí báyìí, ẹ béèrè kappa kí ẹ tó pàtẹ́wọ́.

4. Ìró tí kò ní orúkọ kan ṣoṣo

Mo dé orí iṣẹ́ tèmi wàyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ìró tí mo ṣe àpèjúwe rẹ̀, ìyẹn ni "wheeze", orí ọ̀rọ̀ náà sì ni gbogbo ilé ìbéèrè yìí dúró lé. Kódà láàárín àwọn tí ó ni èdè náà, ìpìlẹ̀ yìí kò le tó bí a ti rò. Ní 2000, Cane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé ohun tí òbí ń pè ní "wheeze" kì í sábà bá ohun tí dókítà gbọ́ mu. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ilé onílé, báwo ni yóò ti rí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá rìnrìn àjò?

Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ wa kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ó bá a dọ́gba. Bí a bá ní àyà ọmọ ń han, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń hanrun yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá ní ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọmọ wo ni kì í mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá sáré? Bí a bá ní nǹkan ń dún lọ́fun rẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọ̀fìnkìn lásán náà a máa dún lọ́fun. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mú apá kan nínú ohun tí a ń wá, ó sì kó àwọn àlejò tí a kò pè mọ́ ọn.

Nígbà kan, wọ́n gbé irú ìbéèrè báyìí fún mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo jókòó sí orí tábìlì mi, mo mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, mo sì wá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní kí àyà máa súfèé. Èmi náà kọ súfèé. A fún ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó tú Yorùbá mi padà. Ó tú u padà láìku ẹyọ kan. Inú gbogbo wa dùn. Lẹ́yìn náà ni mo bá àwọn tí ń béèrè lọ sí ibi tí àwọn ìyá ọlọ́mọ jókòó sí. A bi obìnrin kan bóyá àyà ọmọ rẹ̀ máa ń súfèé lóru. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Rárá o, ọ̀gá. Ọmọ tèmi kì í súfèé lóru. Mo ti kọ́ ọ." Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kí ọmọdé súfèé lóru. Wọ́n ní ó ń pe ejò wọlé. Ohun tí ìyá náà gbọ́ ni pé a ń bi í bóyá ó tọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ń kọ̀wé kọ "Rárá" sílẹ̀, a sì kọjá sí ìbéèrè tí ó kàn. Ọmọ náà wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, mo sì ń gbọ́ ìró àyà rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

Ẹ kíyè sí i pé títú ọ̀rọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ìwé ìlànà ń pa láṣẹ, kò lè mú àṣìṣe yìí. Súfèé lọ ní àlàáfíà, ó sì bọ̀ ní àlàáfíà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò bàjẹ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe láàárín ènìyàn ni ó bàjẹ́.

Orúkọ àìsàn náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹnì kan a máa pe ásímà ní ikọ́ fée. Ẹlòmíràn, ikọ́ tí kòkòrò ń fà, tí ń mú ènìyàn gbẹ, ni ó ń pè bẹ́ẹ̀. Bí a bá bi ìyá ọlọ́mọbìnrin léèrè bóyá ọmọ rẹ̀ ti ní ikọ́ fée rí, ẹ̀rù ohun tí àwọn àna ọ̀la yóò sọ lè dáhùn fún un kí ó tó ronú. Bí a bá sì lo orúkọ tí àwọn dókítà ń lò, àwọn tí ó ti rí dókítà nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n. Ọmọ olówó gba orúkọ ní ilé ìwòsàn. Ọmọ tálákà gba oògùn ikọ́ nínú ìgò, ó sì lọ sílé láìní orúkọ. Ìdí kan nìyí tí iye 2.5 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fi lè kéré ju òtítọ́ lọ.

Àkókò náà ńkọ́? Oṣù 12 rọrùn fún ẹni tí kàlẹ́ńdà wà lára ògiri rẹ̀. Fún ẹlòmíràn, ó sàn kí a ní láti Kérésìmesì èṣí, tàbí láti ìgbà ọyẹ́ èṣí. Bí a bá sì fẹ́ lo ọdún Iléyá, kí a rántí pé ó ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún.

5. Ohun tí àṣìṣe kékeré ń ṣe sí iye

Ẹnì kan lè sọ pé àṣìṣe díẹ̀ níhìn-ín, àṣìṣe díẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn yóò pa ara wọn rẹ́. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe èsì ìwádìí.

Ká ní ìlú méjì wà, a sì bi ọmọ 1,000 léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìlú kìíní, ọmọ 50 ní ásímà ní tòótọ́. Ní ìlú kejì, 150. Ká ní ìbéèrè wa ń mú 80 nínú gbogbo 100 tí ó ní i, ó sì ń ṣi 10 mú nínú gbogbo 100 tí kò ní i. Ní ìlú kìíní, yóò mú ọmọ 40, yóò sì ṣi 95 mú: 135. Ní ìlú kejì, yóò mú 120, yóò sì ṣi 85 mú: 205. Àìsàn ìlú kejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti èkínní, ṣùgbọ́n ohun tí a rí kò ju nǹkan bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ lọ. Ní ìlú kìíní, nínú ọmọ 135 tí a pè ní alásímà, 95 ni kò ní i.

Ẹ jẹ́ kí á yí i padà. Ká ní ọmọ 50 ni ó ní i ní ìlú méjèèjì, ìbéèrè wa sì mú 40 nínú wọn ní ibi méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìlú kan fi ń pe ìró náà ṣe pàtó, ó ṣi 2 péré mú nínú 100. Ọ̀rọ̀ ti ìlú kejì gbòòrò, ó ṣi 20 mú. Èkínní yóò ní 59, èkejì yóò ní 230. Ìlú méjì tí àìsàn wọn dọ́gba ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin ara wọn. Lẹ́yìn náà ni a ó máa wá ohun tí ó fà á nínú oúnjẹ wọn, nínú afẹ́fẹ́ wọn, nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé inú ìwé atúmọ̀ èdè ni ó wà.

N kò sọ pé báyìí ni ìyàtọ̀ tí ISAAC rí ṣe ṣẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ ìlọ́po 20 tóbi ju ohun tí èdè nìkan lè dá lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta láàárín ibi tí èdè wọn kò papọ̀, kí a mú sùúrù.

6. Eré sísá, fífẹ́ èémí àti sinimá

Ṣé a kò lè fi ẹnu sílẹ̀ kí a wọn èémí fúnra rẹ̀? Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀ ní Áfíríkà. Láti 1959 tí Wright ti ṣe àlàyé ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn ń fẹ́ èémí sí, ó ti ṣeé ṣe láti mọ bí èémí ṣe ń yára jáde. Ní Zimbabwe, Keeley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sáré fún ìṣẹ́jú 6, wọ́n sì wọn èémí wọn ṣáájú àti lẹ́yìn eré. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1991, ọ̀nà èémí fún pọ̀ lára 5.8 nínú 100 ọmọ ní àdúgbò olówó ní Harare, 3.1 ní àdúgbò mẹ̀kúnnù ìlú náà, àti 0.1 péré ní ìgbèríko Wedza. Ní Kumasi ní Gánà, Addo-Yobo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní 1993 àti ní 2003, iye tí wọ́n rí sì gòkè láti 3.1 sí 5.2 nínú 100. Ẹsẹ̀ ọmọ kò ní èdè. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ìyàtọ̀ láàárín ìlú ńlá àti ìgbèríko Áfíríkà kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lásán.

Ṣùgbọ́n eré sísá náà ní ìdí tí ó yẹ kí a wò. Mo ti sọ pé àìsàn yìí ń lọ, ó ń bọ̀. Ọmọ tí àyà rẹ̀ bá dákẹ́ ní ọjọ́ ìdánwò yóò kọjá bí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ọmọ tí kò sáré tokuntokun yóò kọjá. Ẹ̀rọ mú àwọn kan tí ẹnu kò mú, ẹnu sì mú àwọn kan tí ẹ̀rọ kò mú. Kò sí èyí tí a lè fi jọba lórí èkejì.

Àwọn ISAAC náà rí ìṣòro ọ̀rọ̀, wọ́n sì wá ọgbọ́n kan sí i. Wọ́n ṣe sinimá kékeré kan ní New Zealand, tí ó fi àwọn ọ̀dọ́ hàn nínú ìran márùn-ún: ẹni tí àyà rẹ̀ ń dún níbi tí ó jókòó sí, ẹni tí tirẹ̀ ń dún lẹ́yìn eré, ẹni tí ìró náà jí lóru, ẹni tí ikọ́ jí lóru, àti ẹni tí ìkọlù náà le lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bi ọmọ bóyá èémí tirẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n tún ṣe òmíràn lẹ́yìn náà tí àwọn ọ̀dọ́ oríṣiríṣi ẹ̀yà wà nínú rẹ̀. Ní ibi púpọ̀, iye tí sinimá mú wá kéré sí ti ìwé. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí, nítorí ó gbé ìró náà gan-an síwájú ọmọ dípò orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ tí ojú rẹ̀ ṣáájú etí rẹ̀ lè rí ẹni tí ń mí gúlegúle kí ó rò pé òun náà ti mí bẹ́ẹ̀ rí ní pápá ìṣeré.

7. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a ṣe

Èkínní, kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ ní orí tábìlì. Kí a kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn ìyá tí dókítà ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ásímà ni ó ń ṣe ọmọ wọn, kí a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láàárín ara wọn, kí a sì gbé ọ̀rọ̀ wọn wọ inú ìwé. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì, ní Ẹ̀gbá, ní Ìjẹ̀bú àti ní Ọ̀yọ́, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kò ní jẹ́ ọ̀kan náà.

Èkejì, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí a jẹ́ kí ẹni tí a ń bi gbọ́ ìró náà. Èyí kò ṣòro mọ́ ní ayé tí fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀kẹta, kí a fún ìbéèrè nípa ìkọlù tí ó le ní ipò ọlá. Ọmọ tí kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ kí ó tó mí, ìyá rẹ̀ kò nílò ìwé atúmọ̀ kí ó tó rántí òru ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ yìí gan-an sì ni ikú ń wá.

Ẹ̀kẹrin, kí a bi apá kan nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì, kí a sì tẹ kappa jáde. Kí a wọn èémí apá kan, kí a sì sọ iye tí ìbéèrè wa mú àti iye tí ó ṣì mú, kí ẹni tí ó bá ń ka ìwé wa lè ṣe àtúnṣe sí iye náà.

Ẹ̀karùn-ún, kí gbogbo ẹni tí ó bá tẹ iye kan jáde tẹ ìbéèrè tí ó fi rí i jáde pẹ̀lú rẹ̀, ní èdè tí ó fi béèrè gan-an. Iye láìsí ìbéèrè dàbí gàrí tí a kò mọ kóńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Alága, mo ti fẹ́ dákẹ́. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ni àwọn àgbà ń wí, ẹni tí a ń bi sì mọ ohun tí a ń wá. Ẹni tí ó béèrè ohun tí kò yé ẹni tí ó bi yóò ṣìnà pẹ̀lú ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé òun ti ṣìnà. Obìnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ kò purọ́ fún wa. Ìbéèrè tí ó gbọ́ ni ó dáhùn. Ní ọjọ́ náà, a fi orúkọ ọmọ rẹ̀ kún orúkọ àwọn tí àyà wọn mọ́, èmi tí mo kọ ìbéèrè náà sì wà níbẹ̀, mo ń gbọ́ àyà ọmọ náà. Kí olúkúlùkù wa tí ń kọ ìbéèrè fún àwọn ènìyàn wa máa rántí láti fi etí sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti kọ ìdáhùn.